Bàbá mi ò lè ka ìwé mọ́: kí ni ilé ìkàwé lè ṣe fún wa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹni ọdún 71 ni bàbá mi. Dókítà sọ pé glaucoma ló ń bá ojú wọn jà. Ẹni tó máa ń kàwé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni wọ́n, àmọ́ ní báyìí, lẹ́tà inú ìwé ti ń sá mọ́ wọn lójú. Mo lọ gba káàdì ní ilé ìkàwé tó wà nítòsí wa kí n lè mọ̀ nípa àìsàn náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ. Mo rìn láàárín àwọn ìwé fún bíi wákàtí kan, mi ò rí nǹkan kan, ojú sì tì mí láti béèrè, torí ó jọ pé àwọn ọmọ ilé ìwé nìkan ló ń lò ó. Nígbà kejì, mo yá ìwé ìtàn kan kí n má bàa jáde lọ́wọ́ òfo. Mi ò tíì kà á, ọjọ́ tó yẹ kí n dá a padà sì ti kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń lo ilé ìkàwé gan-an? Ṣé wọ́n máa ń gba owó? Ṣé nǹkan kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ fún bàbá mi fúnra wọn?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Ibi tó dùn mí jù níbẹ̀ ni wákàtí kan tí ẹ fi ń rìn láàárín pẹpẹ ìwé láìsí ẹni tó bi yín pé kí lẹ̀ ń wá. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń jókòó sídìí tábìlì ìbéèrè nílé ìkàwé. Ẹni tó bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láàárín ìwé tí kò mú ọ̀kan, òṣìṣẹ́ ló yẹ kó dìde lọ bá a. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi rárá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìwé tó ti kọjá ọjọ́ yẹn kúrò nílẹ̀, torí ọkàn mi ń sọ fún mi pé òun gan-an ni kò jẹ́ kí ẹ tíì padà lọ. Ẹ gbé e lọ. Kò sí òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé tí irú rẹ̀ jẹ́ tuntun sí. Láwọn ibì kan, wọ́n á ní kí ẹ san owó ìtanràn díẹ̀. Láwọn ibòmíì, wọn ò ní gba nǹkan kan. Orílẹ̀-èdè Ireland pa owó ìtanràn rẹ́ ní gbogbo ilé ìkàwé ìjọba wọn lọ́dún 2019, ilé ìkàwé ìlú New York náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2021. Ohun tó sún wọn ṣe é ni ohun tó ń ṣe yín yìí: ìbẹ̀rù owó ń lé àwọn tó nílò ilé ìkàwé jù lọ sá. Lọ́jọ́ iwájú, kí ọjọ́ ìdápadà tó pé, ẹ pè wọ́n tàbí kí ẹ lo nọ́ńbà káàdì yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti sún ọjọ́ síwájú. Wọ́n á gbà, àfi tí ẹlòmíì bá ti fi orúkọ sílẹ̀ de ìwé náà. Tí ìwé bá sì ya, ẹ má lẹ̀ ẹ́ fúnra yín. Téèpù tí à ń lò nílé máa ń pọ́n tó bá pẹ́, ó sì máa ń ba bébà jẹ́. Ẹ gbé e wá bó ṣe yà, a ní ohun tí a fi ń tún un ṣe.

Ó wá kan ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Tí ẹ bá débẹ̀, kí ẹ tó wo pẹpẹ kankan, ẹ lọ bá ẹni tó jókòó sídìí tábìlì ìbéèrè, kí ẹ sọ ohun tó ń ṣe yín gan-an. Mo sọ pé “gan-an” torí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sọ ọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ fọkàn ro ohun tí ilé ìkàwé lè ní, ìyẹn ni wọ́n á wá béèrè. Ẹni tí ojú bàbá rẹ̀ ń lọ á béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ìwé ìṣègùn wà?” Òṣìṣẹ́ á nawọ́ sí odindi ògiri kan. Wọ́n ti dá a lóhùn, àmọ́ wọn ò tíì ràn án lọ́wọ́.

Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́dún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bàbá kan béèrè ibi tí ìwé ìròyìn àtijọ́ wà. Mo mú wọn débẹ̀, mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó síbẹ̀, tí wọ́n ń ṣí i lójú ewé kọ̀ọ̀kan, títí yíǹkì fi sọ orí ìka wọn di dúdú. Ọjọ́ kẹta ni mo tó lọ jókòó tì wọ́n, tí mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá. Ìkéde ikú ìyá wọn ni. Wọ́n mọ orúkọ, wọn ò mọ ọdún tó jáde. Bẹ́ẹ̀, káàdì tí wọ́n to orúkọ inú àwọn ìkéde bẹ́ẹ̀ sí, dúrọ́ọ̀ ẹ̀yìn mi ló wà látọjọ́ yìí. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí a fi rí i. Wọ́n kà á, omi lé ròrò sí wọn lójú, wọ́n dì mọ́ mi lọ́wọ́, wọ́n ń dúpẹ́, èmi sì ń ro ọjọ́ mẹ́ta tí mo gbà lọ́wọ́ wọn. Látìgbà náà, ẹni tó bá bi mí pé “ibo ni”, èmi náà á bi í pé “kí lẹ fẹ́ fi ṣe?” S. R. Ranganathan, olùkọ́ ìṣirò ará Íńdíà tó wá di òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé, gbé òfin márùn-ún kalẹ̀ fún iṣẹ́ wa lọ́dún 1931. Ẹ̀kẹrin nínú wọn ni pé ká dín àkókò tí òǹkàwé ń lò kù. Òun ni mo fi ń wọn ara mi.

Fún ìdí èyí, ẹ sọ ọ́ báyìí: “Bàbá mi ní glaucoma. Mo ń wá ohun tó ṣàlàyé rẹ̀ lọ́nà tó máa yé ẹni tí kì í ṣe dókítà. Mo tún ń wá ohun tí àwọn fúnra wọn lè máa kà tàbí kí wọ́n máa gbọ́.” Gbólóhùn mẹ́ta péré, àmọ́ ẹ ti gbé iṣẹ́ méjì kalẹ̀, ẹ sì ti sọ bí ìwé náà ṣe gbọ́dọ̀ rọrùn tó. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n bi yín sí i: èdè wo ni bàbá máa ń kà, irú ìwé wo ni wọ́n fẹ́ràn, ṣé wọ́n ní fóònù tó lè gbé ohùn jáde dáadáa? Ẹ dáhùn, kì í ṣe pé wọ́n ń tọpinpin yín. Ohun kan ni wọn ò ní ṣe: wọn ò ní sọ oògùn tí bàbá máa lò fún yín, wọn ò sì ní túmọ̀ èsì àyẹ̀wò. Dókítà ló ni ìyẹn. Tiwọn ni pé kí wọ́n fi ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ti kọ sílẹ̀ hàn yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí wákàtí kan yẹn fi já sí asán. Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ìjọba kárí ayé ló ń lo ètò nọ́ńbà tí Melvil Dewey, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 1876. Ó pín ìmọ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá, láti 000 dé 999. Ẹ̀sìn wà ní 200, sáyẹ́ǹsì wà ní 500, ìtàn wà ní 900. Ní 600, ẹ máa rí ìṣègùn, iṣẹ́ ọ̀gbìn, ẹ̀rọ àti àwọn iṣẹ́ míì tí èèyàn ń fọwọ́ ṣe. Ìṣègùn bẹ̀rẹ̀ láti 610. Tí ẹ bá tún wọ inú rẹ̀ lọ, ẹ máa bá eyín ní 617.6, ẹ máa bá ojú ní 617.7. Nọ́ńbà yẹn ló wà lórí bébà pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ìwé, lẹ́tà bíi mẹ́ta látinú orúkọ òǹkọ̀wé á sì sábà wà lábẹ́ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe to nọ́ńbà yìí ló máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Kí ẹ tó dé ibi póìǹtì, ẹ kà á bí a ṣe ń ka nọ́ńbà lásán: 617 ló tẹ̀ lé 616. Tí ẹ bá ti kọjá póìǹtì, ẹ máa mú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. 617.12 ló ṣáájú 617.7, bí 12 tilẹ̀ ju 7 lọ, torí pé 1 ló kọ́kọ́ tẹ̀ lé póìǹtì, 1 sì ṣáájú 7. Ẹni tí kò bá mọ̀ á dúró níwájú 617.12, á ní òun ti kọjá 7, á yíjú padà. Ìwé ojú sì wà níwájú rẹ̀ lórí pẹpẹ kan náà, kò ju ìṣísẹ̀ méjì lọ. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí àwọn tó kàwé gboyè pàápàá.

Ohun míì tún wà tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ojú kì í wà lójú kan. Bí ojú tó dá ṣáṣá ṣe ń ríran, 612.84. Àìsàn ojú, 617.7. Bí àwọn tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́ ṣe ń gbé ìgbé ayé wọn, àti irú ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n lè rí gbà, 362.41, ìyẹn sì lè wà ní yàrá míì pátápátá, láàárín àwọn ìwé tó dá lórí ọ̀rọ̀ àwùjọ. Ní tiyín, mo rò pé èyí tí mo dárúkọ gbẹ̀yìn yìí ló máa ṣàǹfààní jù. Ẹ lè rìn di alẹ́, ẹ ò ní ṣèèṣì bá a pàdé.

Kátálọ́ọ̀gì, ìyẹn àkójọ gbogbo ìwé tó wà nílé ìkàwé, ló so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Orí kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń wà nísinsìnyí, ẹ sì lè ṣí i látorí fóònù yín nílé. Ẹ má tẹ gbólóhùn gígùn sí i. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, bíi “glaucoma”. Tí ẹ bá ti rí ìwé kan ṣoṣo tó jọ ohun tí ẹ ń wá, ẹ ṣí àlàyé rẹ̀, kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Ẹ máa rí àkọlé ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi sí i, ìyẹn ohun tí ìwé náà dá lé. Ẹ tẹ àkọlé yẹn. Gbogbo ìwé tó bá a tan á tò jáde, títí kan àwọn tí ọ̀rọ̀ “glaucoma” kò sí lára orúkọ wọn rárá. Ẹ wá da nọ́ńbà rẹ̀ kọ, kí ẹ wò ó bóyá ó wà nílẹ̀ tàbí ẹlòmíì ti yá a. Tí lẹ́tà R tàbí REF bá ṣáájú nọ́ńbà náà, ó sábà máa ń túmọ̀ sí pé wọn kì í jẹ́ kó jáde. Ibẹ̀ lẹ ti máa kà á.

Tí ìwé náà bá ti dọ́wọ́ yín, kí ẹ tó gbé e lọ síwájú ẹni tó ń kọ ìwé sílẹ̀, ẹ ṣí ojú ewé tó wà lẹ́yìn ewé orúkọ ìwé. Ọdún tó jáde wà níbẹ̀. Tó bá ti lé lọ́dún mẹ́wàá, ẹ fi mọ bí ojú ṣe rí nínú, àmọ́ ẹ má fọkàn tán an lórí ọ̀rọ̀ oògùn àti iṣẹ́ abẹ. A máa ń yọ ìwé tó ti gbó kúrò lórí pẹpẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa kì í tó gbogbo rẹ̀. Ohun kan tí ẹ máa bá nínú àwọn ìwé tó dáa lórí glaucoma ni pé ewu rẹ̀ pọ̀ sí i fún ọmọ àti ọmọ ìyá ẹni tó ní in, ó sì lè ti ba ojú jẹ́ gan-an kí ẹni náà tó fura. Èmi kì í ṣe dókítà, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ lọ yẹ ojú yín wò.

Ní ti bàbá fúnra wọn, nǹkan wà fún wọn, ó tiẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ẹ rò lọ. Ìwé onílẹ́tà gàdàgbà ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń dárúkọ. Lórílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Frederick Thorpe ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ irú rẹ̀ jáde fún àwọn àgbàlagbà lọ́dún 1964. Lẹ́tà inú ìwé lásán sábà máa ń jẹ́ ìwọ̀n 10 sí 12. Tiwọn máa ń tó 16 tàbí 18. Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ló ní pẹpẹ tiwọn lọ́tọ̀. Àmọ́ ẹ má yá márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Glaucoma sábà máa ń jẹ ẹ̀gbẹ́ ojú kó tó dé àárín, tó fi máa dà bíi pé èèyàn ń yọjú wòta látinú ihò. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí lẹ́tà bá tóbi jù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè má gbà sínú ibi tó ṣẹ́ kù tí ojú ń rí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í rọrùn fún láti ya lẹ́tà sọ́tọ̀ kúrò lára bébà tí àwọ̀ méjèèjì bá jọra, iná tó mọ́lẹ̀ yòò sì tún máa ń dà wọ́n láàmú. Ìdí nìyẹn tí ìwé orí ẹ̀rọ fi lè bá bàbá lára mu ju ti bébà lọ: ẹ lè sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di dúdú kí lẹ́tà funfun, ẹ lè mú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ sì máa fi lẹ́tà kún díẹ̀díẹ̀ títí bàbá á fi sọ pé ó tó.

Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ló ń yá ìwé orí ẹ̀rọ àti ìwé àfetígbọ́ fáwọn èèyàn látorí áàpù bíi Libby. Káàdì yín yẹn náà ni ẹ máa fi wọlé. Tọ́jọ́ bá pé, ìwé náà á padà fúnra rẹ̀, torí náà ìtanràn ò sí níbẹ̀. Ẹ lè bá ènìyàn mẹ́wàá lórí ìlà níwájú yín o, kí ó wá yà yín lẹ́nu pé ṣé ohun tó wà lórí ẹ̀rọ náà máa ń tán ni. Àṣẹ ìlò ni àwọn tó ń tẹ ìwé jáde máa ń tà fún ilé ìkàwé, àṣẹ kan sì sábà máa ń wà fún ẹnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, bíi pé ìwé bébà kan ni. Ẹ fi orúkọ bàbá sórí ìlà fún bíi mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé, kí wọ́n gbọ́ ọ.

Ìwé àfetígbọ́ yìí ni mo nígbàgbọ́ nínú rẹ̀ jù fún ẹni tó ń kàwé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tí wọ́n bá kọ́kọ́ sọ pé àwọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa kàwé sí àwọn létí bí ọmọdé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ti kà rí, tí wọ́n fẹ́ràn. Ohùn àjèjì kì í pẹ́ mọ́ni lára tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a ti mọ̀ ló ń sọ.

Ẹ tún béèrè bóyá ilé ìkàwé náà ní àjọṣe pẹ̀lú ilé ìkàwé àwọn tí ojú wọn kò ríran. Lọ́dún 2013, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò sí àdéhùn kan nílùú Marrakesh, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní September 30, 2016. Àdéhùn náà fàyè gba àwọn iléeṣẹ́ tó lẹ́tọ̀ọ́ pé kí wọ́n sọ ìwé di àfetígbọ́, bùréèlì tí àwọn afọ́jú ń fọwọ́ kà, tàbí onílẹ́tà gàdàgbà láìkọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹ̀tọ́ ìwé náà, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè kan tó fọwọ́ sí i sí òmíràn. Kò di ìgbà tí ojú bá fọ́ pátápátá kéèyàn tó jàǹfààní rẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò lè ka ìwé bí ti ẹlòmíì mọ́, tí awò ojú kò sì lè tún un ṣe, ó kàn án. Wọ́n lè ní kí dókítà kọ̀wé láti fi jẹ́rìí sí i. Ẹ gbà á sọ́wọ́ kí ẹ tó lọ.

Tí wọn ò bá ní ìwé tí ẹ fẹ́, ẹ ní kí wọ́n bá yín yá a láti ilé ìkàwé míì. Ó ṣeé ṣe kí ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ibòmíì sì máa ń gba owó ìfiránṣẹ́. Tí ẹ bá mọ ISBN rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá àtẹ̀jáde ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀, ẹ fún wọn. Nọ́ńbà 13 ló máa ń wà nínú rẹ̀ láti ọdún 2007, ti àwọn ìwé tó ti pẹ́ ju ìyẹn lọ jẹ́ 10. Òun ni kò ní jẹ́ kí wọ́n gbé àtẹ̀jáde àtijọ́ wá fún yín.

Ẹ bi mí nípa owó, ẹ sì sọ pé ó jọ ti àwọn ọmọ ilé ìwé. Ìwé ìpolongo tí àjọ UNESCO ṣe lórí ilé ìkàwé ìjọba ti wà láti ọdún 1949, IFLA tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ilé ìkàwé lágbàáyé sì bá wọn tún un ṣe lọ́dún 1994 àti 2022. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé gbogbo èèyàn ló ni ilé ìkàwé ìjọba, ọmọdé àti àgbà, ẹ̀sìn yòówù kí wọ́n máa ṣe, èdè yòówù kí wọ́n máa sọ, àti pé ọ̀fẹ́ ló yẹ kó jẹ́. Ibòmíì máa ń gba owó káàdì tàbí owó ìtẹ̀wé, àmọ́ kò sí ibi tó yẹ kí wọ́n ti gba owó lọ́wọ́ yín torí pé ẹ béèrè ọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé tí ẹ rí yẹn kàn tètè mọ̀ pé tiwọn ni.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ nípa àìsàn bàbá ni ojú fi ń tì yín, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìlànà iṣẹ́ wa tí IFLA gbé jáde lọ́dún 2012 sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ tó wà láàárín òǹkàwé àti ilé ìkàwé. Tí ẹ ò bá fẹ́ sọ ọ́ létí àwọn tó tò sẹ́yìn yín, ẹ kọ ọ́ sínú bébà, kí ẹ nà án sí òṣìṣẹ́. Mo máa ń gba irú bébà bẹ́ẹ̀ dáadáa. Tó bá sì jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ibẹ̀ lẹ lò, ẹ rí i pé ẹ jáde nínú ohun tí ẹ ṣí kí ẹ tó dìde.

Tí ara bàbá bá gbé e, ẹ mú wọn dání nígbà tí ẹ bá tún ń lọ, ní àárọ̀ ọjọ́ tí èrò kì í pọ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń sọ lẹ́tà di ńlá. Ọ̀pọ̀ ibi ló ní in, tí ẹnikẹ́ni kì í lò ó torí pé wọn ò mọ ohun tó jẹ́. Ẹ tẹ́ ìwé kan sábẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí bàbá fọwọ́ ara wọn máa yí i, títí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà níbẹ̀ síta. Ẹ da ìwọ̀n tó bá wọn lójú mu kọ sílẹ̀, kí ẹ fi han òṣìṣẹ́. Ẹ wá béèrè bóyá wọ́n máa ń gbé ìwé lọ bá àwọn tí kò lè jáde nílé, kí orúkọ bàbá lè ti wà níbẹ̀ de ọjọ́ tí wọn ò bá lè bá yín wá.